Àpótí irinṣẹ́ ìdẹ kantíkantí tí mo rà: oṣù márùn-ún rèé

Ìdẹ 140 ni mo ti fi àpótí irinṣẹ́ yìí wé láàárín oṣù márùn-ún, ìyẹn ìdẹ àtọwọ́dá tí a ń fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. Mo mọ iye wọn torí pé inú páálí oníhò kan ni mò ń tò wọ́n sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀. Ó wá tó àkókò kí n sọ bí mo ṣe rí i, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìdẹ ẹja trout fúnra rẹ̀, tí kò sì mọ èyí tí ì bá rà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tí ẹ ó fi ojú wá lára irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sanwó ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Kantíkantí tí mò ń wí kì í ṣe irú èyí tó ń jẹni. Ti etí omi ni, kì í gé ènìyàn jẹ rárá. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò àti adágún ni ìdin rẹ̀ ń gbé. Àwọn mìíràn nínú ìdin yìí pupa fòò, nítorí pé irú èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa wà nínú tiwọn náà, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè mí nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí. Tó bá yá, ìdin á pa ara dà, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sójú omi, ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ awọ sílẹ̀ tí yóò sì fò lọ. Àárín ìgbà tó ń gòkè yẹn ni ẹja trout ń kó wọn jẹ jù. Nígbà òtútù, tí àwọn kòkòrò omi yòókù bá di ọ̀wọ́n, kantíkantí ṣì ń jáde. Ẹni tó bá gbé ìdẹ ńláńlá nìkan lọ sódò lásìkò yẹn, wíwò ni yóò máa wo ẹja.

Fáìsì tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì láti fi di ìwọ̀ mú wà nínú àpótí náà. Bọ́bììnì wà níbẹ̀, àlùmọ́gàjí onímú ṣóńṣó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni irin tí a fi ń ta kókó ìparí, róòlù òwú mẹ́ta, wáyà aláwọ̀ fàdákà, ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi méjì, ìwọ̀ 100, ìyẹ́ ọ̀kín, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ abilà, àti ìwé ìlànà kékeré kan. Wọ́n tún kó àpò ìyẹ́ méjì aláwọ̀ oríṣiríṣi sí i tí mi ò tíì fọwọ́ kàn títí dòní. Òwú, wáyà àti ìlẹ̀kẹ̀ kan ló ń di kantíkantí, ìyẹ́ aláràbarà ò bá a mu. Ì bá dùn mọ́ mi kí wọ́n yọ àpò méjèèjì yẹn kúrò, kí wọ́n sì ná owó wọn sórí fáìsì.

Fáìsì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n pa iṣẹ́ náà tì. Nọ́ńbà ìwọ̀, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Láti 18 dé 24 ni a sábà máa ń lò fún kantíkantí. Ọ̀pá ìwọ̀ 20, níbi tí òwú máa wà, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Nígbà tí mo fi ìwọ̀ 16 sẹ́nu fáìsì náà, ó dì í mú gírígírí. Mo gbé 20 sí i, mo wé òwú ìgbà mẹ́ta péré, ìwọ̀ sì tẹrí ba. Mo tún un tò, ó tún tẹrí ba. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ló le jù.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo yọ ìwọ̀ kúrò, mo fún fáìsì náà pa lófìfo, mo sì gbé e sójú iná. Ìdí ẹnu rẹ̀ ti dì pinpin, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín ṣóńṣó rẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn kò bá pa dé tán. Ìwọ̀ 16 nípọn tó láti dí àlàfo yẹn. Ìwọ̀ 20 kò tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún mi, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó dáhùn, wọ́n ní kí n fún un le sí i. Mo fún un le sí i, ìwọ̀ mẹ́ta ṣẹ́ lójú mi. Inú bí mi gan-an, torí kò yẹ kí ẹni tó kọ sára páálí pé irinṣẹ́ òun wà fún ìwọ̀ 10 dé 24 máa fún oníbàárà ní irú èsì yẹn.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo ki sáńpépà tó kúnná bọ àárín ẹnu fáìsì náà, mo sì rọra ń fi ha ìdí rẹ̀ títí ṣóńṣó méjèèjì fi pàdé. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Láti ìgbà náà, ó di ìwọ̀ 20 mú dáadáa. Ti 22, mo ní láti ra fáìsì mìíràn tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Tí ẹ bá láǹfààní láti fọwọ́ kan àpótí kí ẹ tó rà á, ẹ pa ẹnu fáìsì rẹ̀ dé lófìfo kí ẹ sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá.

Bọ́bììnì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe irú ti máṣíìnì ìránṣọ o. Apá irin méjì ló gbá róòlù òwú mú, òwú á wá gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kan jáde. Òwú tó wà nínú àpótí yìí jẹ́ denier 70, ìyẹn ni pé tí ẹ bá na án dé mítà 9,000, gíráàmù 70 péré ni yóò wọ̀n. Ẹ wo bó ṣe fúyẹ́ tó! Irú òwú bẹ́ẹ̀ kò lè fara da irin tó rí ṣákaṣàka. Ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́ lójijì, ó sì sábà máa ń jẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí. Mo fi òwú wúùlù díẹ̀ nu ẹnu ọ̀pá náà yípo, fọ́nrán mélòó kan sì há síbẹ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń gé e. Mo ra òmíràn tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ sérámíìkì, òwú ò já mọ́ láìnídìí.

Àwọn ìwọ̀ náà mú, mi ò rí ọ̀kan tí ojú rẹ̀ dí. Òwú dára. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, tungsten wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, ó sì ń tètè rì, ṣùgbọ́n nínú omi tí kò jìn, ti idẹ tó. Ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 2 ni mo fi sí ìwọ̀ 18 àti 20, mìlímítà 1.5 sí 22. Èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ á dí ẹnu ìwọ̀, kò ní ráyè gún ẹja.

Ìwé ìlànà náà ló ṣì mí lọ́nà jù lẹ́yìn fáìsì. Ìdẹ Zebra Midge ló fi ń kọ́ni, ìdẹ tí wọ́n sọ pé Ted Welling ló dá a sílẹ̀, ẹni tó fi mímú àwọn apẹja kiri ṣiṣẹ́ ní Lees Ferry lórí odò Colorado ní Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí kò sí èyí tó rọrùn tó o láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí a wé òwú lọ, kí a wé e bọ̀, kí a tún wé e lọ kí a wé e bọ̀. Ohun tó jáde nínú ìyẹn sanra bí ìṣó.

Bí mo ṣe ń wé tèmi nìyí. Mo á fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀, mo á ki ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀ ọ́ láti ṣóńṣó, kí ihò rẹ̀ tó kéré kọjú sí ojú ìwọ̀. Mo á bẹ̀rẹ̀ òwú dúdú lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀, mo á tẹ́ wáyà lé ọ̀pá ìwọ̀ lórí, mo á wé òwú lé e dé ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń jẹ́ kí bọ́bììnì rọ̀, tí mo á sì yí i sápá òsì bí aago tó ń lọ sẹ́yìn. Òwú tó ti lọ́ bí okùn á tú, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀já. Ìgbà yẹn ni mo á wé e padà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìlà kan á máa fara kan ìkejì láìgun ara wọn. Wáyà á tẹ̀ lé e ní ìgbà márùn-ún, pẹ̀lú àlàfo láàárín, mo á fi òwú dè é lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀, mo á mì í síwá-sẹ́yìn títí yóò fi ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mi ò fi àlùmọ́gàjí kàn án, torí wáyà ń ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Kókó ìparí kan, ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọ̀kan ń gbà mí báyìí.

Mo gbé oríṣi méjèèjì, ti ìwé àti tèmi, lọ sódò ní òwúrọ̀ kan tí òtútù mú gan-an. Awọ tí kantíkantí bọ́ sílẹ̀ ń léfòó lẹ́bàá àpáta, ó rí bí eruku tí wọ́n kù sójú omi, imú ẹja sì ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdẹ tí mo wé bí ìwé ṣe wí ni mo kọ́kọ́ sọ, ìwọ̀ 20, okùn 6X, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí a ń so ìdẹ mọ́. Bíi wákàtí kan, kò sí nǹkan kan. Mo rí trout kan tó súnmọ́ ọn, ó wò ó, ó yà. Mo tú u, mo so tèmi tó tín-ín-rín mọ́ okùn kan náà, mo sọ ọ́ sójú ibi kan náà. Ìkẹta tí mo sọ ọ́ ni okùn dúró gbọn-in. Ẹja mẹ́rin ni mo mú kí oòrùn tó yọ dáadáa, mo sì dá gbogbo wọn padà sómi. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí òkúta fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo ìdẹ náà lọ́wọ́ mi. Òwú dúdú, wáyà àti ìlẹ̀kẹ̀ ni, kò sí nǹkan míì lára rẹ̀.

Griffith's Gnat, èyí tí a ń sọ sójú omi gbẹrẹfu, tí wọ́n fi orúkọ George Griffith tó wà lára àwọn tó dá Trout Unlimited, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹja trout àti odò wọn ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1959 pè, kò yọrí pẹ̀lú ohun èlò àpótí yìí. Ìyẹ́ ọ̀kín rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣẹ́. Ìyẹ́ àkùkọ rẹ̀ gùn ju ẹnu ìwọ̀ 20 lọ ní ìlọ́po méjì.

Nínú máàkì márùn-ún, méjì àti ààbọ̀ ni mo fún àpótí náà. Ẹni tó ti ní fáìsì tó dára, kó má rà á. Kó ra òwú, wáyà, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lè rà á, bó bá ṣe tán láti lo sáńpépà kó sì pààrọ̀ bọ́bììnì. Àbúrò mi ti ń bẹ̀ mí kí n kọ́ òun. Mo ra bọ́bììnì onísérámíìkì kan fún un àti róòlù òwú dúdú, fáìsì àtijọ́ yẹn ló sì ń lò. Ìwọ̀ 16 ló wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.