Fóòmù àbí wáyà: kí la ó fi gba páìpù sílẹ̀ lọ́wọ́ yìnyín?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tí yóò fi dáàbò bo páìpù omi kí òtútù tó dé, mẹ́ta ló máa bá pàdé: fóòmù tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí à ń gbé wọ páìpù bí ìbọ̀sẹ̀, wáyà iná tí ooru rẹ̀ kì í yí padà, àti wáyà tó ń díwọ̀n ooru fúnra rẹ̀. Lára páálí, constant wattage ni wọ́n ń kọ sí wáyà àkọ́kọ́, self-regulating sí èkejì. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ mí di ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi nílé ìdáná láàárọ̀ kùtù, torí náà bí ẹ bá rí i pé mo ń gbè sápá kan, ẹ ti mọ ìdí.

Fóòmù kò lóoru kankan nínú. Iṣẹ́ aṣọ òtútù ló ń ṣe, ẹni tó lóoru lára ni aṣọ sì ń wúlò fún. Omi tó dúró sójú kan nínú páìpù kò níbi tí yóò ti rí ooru mìíràn, bó pẹ́ bó yá òtútù á wọlé tọ̀ ọ́. Fún òtútù òru kan péré, fóòmù lè tó; fún èyí tó bá jókòó tì wá lọ́sẹ̀ kan, kò tó. Kì í jẹ iná, ọ̀bẹ lásán la sì fi ń gé e. Igun ni kí ẹ ṣọ́. A á bo ibi tó gùn gbọọrọ, a á wá fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù sílẹ̀ níhòòhò torí pé gígé fóòmù sí igun ń gba sùúrù.

Wáyà tí ooru rẹ̀ kì í yí padà ló kó mi sí wàhálà. Kò wọ́n, ohun tó fà mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é gùn tó náà lẹ ó ṣe lò ó. Bí ẹ bá gé e, ó bàjẹ́. Tèmi gùn ju páìpù lọ. Mo wé e dé òpin, ó ṣẹ́ kù bí apá méjì, mo bá yí ìyókù padà lé ara rẹ̀, mo fi téépù dè é pinpin, mo gbé fóòmù wọ̀ ọ́. Ó dára lójú. Ohun tí n kò kà lára páálí ni pé wáyà yìí kò gbọdọ̀ gun ara rẹ̀. Ìwọ̀n ooru kan náà ló ń mú jáde níbi gbogbo, ibẹ̀ ì báà tutù, ì báà ti gbóná. Bí méjì bá sùn léra, ooru ò ríbi gbà jáde, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Nígbà tí mo wá tú fóòmù náà, ibi tí wáyà ti gun ara ti rí bíi ṣúgà tó jóná, fóòmù sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Orí ló yọ mí tí ilé ò gbiná.

Wáyà ti kú, n ò mọ̀. Òtútù dé, omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́, mo ní ṣebí bó bá yọ́, ó tán. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi 9%, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí yìnyín wà gan-an kọ́ ni páìpù ti ń là. Yìnyín á dí ọ̀nà, á máa ti omi tó wà láàárín òun àti ẹ̀rọ tí a ti pa, omi ò ní ríbi sá sí. Tèmi là nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ báṣíìnì, ojú ibẹ̀ ò ju èékánná lọ. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín ṣì dínà, kò jò. Ọjọ́ tí oòrùn yọ ni omi bú jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn plọ́ńbà fi ń ní ká jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kán tó-tó-tó lóru òtútù: kí omi lè ríbi gbà jáde.

Nínú wáyà kejì, ike dúdú kan wà láàárín okùn bàbà méjì. Bó bá tutù, ike náà á sún kì, iná á rí ọ̀nà púpọ̀ gbà kọjá, ooru á pọ̀. Bó bá gbóná, ike á fẹ̀, ọ̀nà iná á dín kù. Ibì kọ̀ọ̀kan lára wáyà ló ń ṣe èyí lọ́tọ̀: igun tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lè máa gbóná gan-an, kí ibi tó wà nínú ògiri má ju lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Bí apá kan bá sùn lé òmíràn, ó mọ bí yóò ṣe dín ara rẹ̀ kù. Èyí tí wọ́n ń tà ní ròólù ṣeé gé, bí ẹ bá ti lè dí ẹnu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí ẹ dí i. Àlébù rẹ̀? Ó wọ́n. Kì í sì í pa ara rẹ̀ pátápátá, torí náà ẹ yọ ọ́ lára iná bí òtútù bá ti lọ.

Bí wáyà yín bá ní thermostat, ìyẹn ohun kékeré tó ń mọ bí páìpù ṣe tutù tó, tó ń tan wáyà, tó sì ń pa á, ibi tó tutù jù lára páìpù ni kí ẹ dè é mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri tó móoru. Bí páìpù yín bá jẹ́ ike, ẹ wo páálí bóyá wọ́n gbà á láyè. Ẹ má fi wáyà ìfàgùn so ó mọ́ iná. Ẹni tó ń rìnrìn àjò kò nílò ìkankan: kó ti omi pa láti orísun, kó ṣí gbogbo ẹ̀rọ, kó jẹ́ kó gbẹ.

Bí iná bá lọ, wáyà méjèèjì di okùn lásán, fóòmù nìkan ló kù, nítorí náà n kò ní sọ pé kí ẹ má ra fóòmù. Wáyà olówó pọ́ọ́kú náà dára fún páìpù tó lọ tààrà, tí gígùn rẹ̀ bá ti wáyà mu, lọ́wọ́ ẹni tó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Èmi kì í kà á. Èyí tó ń díwọ̀n ara rẹ̀ ló wà lábẹ́ báṣíìnì mi báyìí, fóòmù sì wà lórí rẹ̀, títí dé igun.