Jẹnẹ inverter àbí jẹnẹ onírin: èwo ni kí ẹ gbé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù?

Tírélà kékeré ni mo fi ń ta yógọ́ọ̀tì àti áìsìkirímù lóde ìnáwó, láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán. Píkọ́ọ̀pù ló ń fà á, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà ni jẹnẹ ń gbé. Mo ti lo méjèèjì: jẹnẹ inverter 2kVA inú àpótí ike (kì í ṣe inverter oníbátìrì o), àti onírin 3.5kVA tí gbogbo wa mọ̀.

Ní ti ariwo, inverter ló borí. Alága ìdúró lè máa ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìlo gbohùngbohùn. Òun náà ló ń ṣọ́ epo lò, torí bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń sáré. Èmi nìkan ń gbé e. Onírin gba ènìyàn méjì.

Fíríìsà ló wá kó mi sí wàhálà. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra, iná tó ń bèèrè máa ń ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń lò lọ. Onírin á kérora, gílóòbù á ṣẹ́jú, á sì gbé e. Inverter tèmi á tan iná pupa, á kọ̀ jálẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀fà, ó kọ̀ títí ó fi kọ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ń dún o, iná ni kò jáde. Áìsìkirímù domi, mo dá owó olówó padà.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ní Gáà Akanbi, ṣí i, ó rí bọ́ọ̀dù tó ń darí iná, tí wọ́n da gọ́ọ̀mù bò, ó pa á dé. Èkejì, ní Táńkẹ̀, ní kí n lọ wá bọ́ọ̀dù wá l'Ékòó. Iye tí wọ́n pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó jẹnẹ!

Onírin ńkọ́? AVR rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná rẹ̀ dúró déédéé, jó ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọkùnrin kan lẹ́bàá gáréèjì pààrọ̀ rẹ̀. Ká tó jẹyán tán, iná ti dé.

Bó bá jẹ́ gílóòbù, fáànù àti fóònù ni tírélà yín ń lò, ẹ ra inverter, ó dára. Bí ẹ bá ní fíríìsà, ẹ ra èyí tó tóbi dáadáa, kí ẹ sì ti mọ ẹni tí yóò tún un ṣe kí ẹ tó sanwó. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má tan án lábẹ́ ìbòrí píkọ́ọ̀pù, ẹ má sì kọ ẹnu sálẹ́ńsà sí fèrèsé tírélà: èéfín náà ń pani.

Inverter mi ṣì wà nílé. Kẹ́ẹ̀gì omi la ń gbé lé e.