GTX 1660 Super fún àpótí pinball àfọwọ́ṣe

Tẹlifíṣọ̀n tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ gbalaja sínú àpótí pinball yín, kó lè di pápá tí bọ́ọ̀lù ti ń yí, ló máa sọ irú káàdì graphics tí ẹ máa rà. Bó bá jẹ́ 1080p, ẹ má náwó jù: GTX 1050 Ti GB 4, tó ti wà láti ọdún 2016, ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ tábìlì (eré pinball kọ̀ọ̀kan) Visual Pinball X (VPX), sọ́fítíwia tó ń mú pinball ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n 43 inch tó wà lọ́jà báyìí jẹ́ 4K, píksẹ́lì 4K sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p. Ibẹ̀ ni GTX 1660 Super ti wúlò. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló jáde, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ GB 6, iná tó ń jẹ sì jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 125. Nínú àwọn káàdì olówó pọ́ọ́kú, òun ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún 4K ní 60Hz.

Mẹ́mórì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tábìlì VPX tuntun kún fún àwòrán ńláńlá tí wọ́n ti ya iná àti òjìji mọ́. Àwòrán kan tó jẹ́ 4096 lọ́nà méjèèjì, bí wọn kò bá fún un pọ̀, MB 64 ló ń gbà. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kéékèèké tí káàdì ń lò fún ibi tó jìnnà á sọ ọ́ di nǹkan bíi MB 85. Bí ogójì irú rẹ̀ bá wà nínú tábìlì kan, ó ti kọjá GB 3 nìyẹn, a ò tíì ka backglass, ìyẹn skíríìnì tó dúró lókè ẹ̀yìn àpótí. Bí mẹ́mórì bá kún, káàdì á lọ yá RAM kọ̀ǹpútà lò, ọ̀nà PCIe tó ń gbà lọ síbẹ̀ sì lọ́ra púpọ̀. Bọ́ọ̀lù á máa lọ geere, á dúró wìn, á sì fò síwájú. Ẹ tẹ F11 kẹ́ ẹ wo iye frame (àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé àròpín, torí ó lè sọ pé 58 nígbà tí bọ́ọ̀lù ń ta gìrì lójú yín. Kẹ́ ẹ tó dá káàdì lẹ́bi, ẹ lọ sí ètò fídíò VPX, kẹ́ ẹ dín ìtóbi texture (àwọn àwòrán ńláńlá yẹn) kù sí 2048, kẹ́ ẹ sì pa ambient occlusion àti screen space reflection (òjìji àti àwòjìji tí káàdì ń ṣírò fúnra rẹ̀).

Ihò ẹ̀yìn káàdì ni àwọn ènìyàn kì í wò títí wọ́n á fi sanwó tán. Àpótí tó pé máa ń ní skíríìnì mẹ́ta: pápá ìṣeré, backglass, àti DMD tó ń fi máàkì hàn. 1660 Super kan lè ní HDMI kan àti DisplayPort mẹ́ta, òmíràn á ní HDMI, DisplayPort àti DVI kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló wà. Ẹ fi HDMI fún pápá ìṣeré. Backglass 1080p lè jókòó sórí DVI. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ fi DisplayPort gbé 4K 60Hz wọ HDMI tẹlifíṣọ̀n, adapter onírú "active" ni kẹ́ ẹ rà, torí èyí tó jẹ́ wáyà lásán kì í kọjá 30Hz. DMD gidi tó ń lo USB kò gba ihò kankan lára káàdì. Ẹ má sì torí ihò tí kò tó lọ so backglass mọ́ motherboard, ìyẹn náà lè mú kí bọ́ọ̀lù máa ta. Nítorí èyí ni mi ò ṣe fara mọ́ RX 6500 XT: ihò méjì péré, mẹ́mórì GB 4, PCIe rẹ̀ sì jẹ́ lane (ọ̀nà dátà) mẹ́rin, ìyẹn ni pé ìyà á jẹ ẹ́ gan-an lórí motherboard àtijọ́ nígbà tí mẹ́mórì bá kún.

Ẹ máa tan tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Bí Windows ò bá rí i nígbà tó ń dìde, ó lè yí nọ́ńbà skíríìnì padà, backglass á wá bọ́ sórí pápá, nítorí ScreenRes.txt, fáìlì ètò B2S (sọ́fítíwia tó ń fi backglass hàn), nọ́ńbà náà ló ń tẹ̀ lé.

1660 Super sábà máa ń gba wáyà iná 8-pin kan. Power supply 450W tó dára tó o. Wàhálà wà lórí Dell OptiPlex tòkúnbọ̀, tí kì í sábà ní wáyà náà. Ẹ má ra adapter tó ń fa iná láti SATA (wáyà iná hard disk)! 54W ni orí SATA lè gbé lórí 12V, 150W ni wọ́n sì ṣe 8-pin fún. Orí SATA ló máa kọ́kọ́ yọ́, inú pákó sì ló wà. Fún OptiPlex, ẹ wá RTX 3050 GB 6 tó jáde ní 2024: 70W, kò nílò wáyà iná rárá. Ẹ má ṣì í mú fún ti GB 8, 130W nìyẹn.

Bí motherboard bá dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí láìní ilé, káàdì á nàró láìsí ohun tó dì í mú, mọ́tò tó ń gbọn àpótí á sì máa mì ín lẹ́sẹ̀. Ẹ fi irin kékeré àti síkúrúù dì í. Fáànù 120mm kan kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé nísàlẹ̀, òmíràn kó máa tì í jáde lókè ẹ̀yìn.

Nínú ọjà tòkúnbọ̀, ẹ fi GPU-Z, sọ́fítíwia tó ń fi irú káàdì hàn, yẹ káàdì wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ayédèrú 1050 Ti pọ̀, ihò VGA aláwọ̀ búlúù lára rẹ̀ sì tó láti fura. RX 580 tí wọ́n bá kọ 2048SP sí lára, RX 570 ló jẹ́ ní ti gidi. Ẹ sì mọ̀ pé Nvidia ti dáwọ́ dráífà tuntun dúró fún ìdílé GTX 10. Àtúnṣe ààbò nìkan ló kù, títí Oṣù Kẹwàá 2028.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ 4K 120Hz, HDMI 2.0 ara 1660 Super ò lè gbé e. RX 6600 GB 8 tàbí RTX 3060 GB 12 ló ní HDMI 2.1. Pinball FX tuntun ti Zen Studios, tó wà lórí Unreal Engine, wúwo ju Pinball FX3 lọ. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ kan àpótí, kó lọ tààrà sí 3060. Ẹni tó bá jẹ́ VPX nìkan ló ń ṣe, kó fi owó tó kù ra plunger gidi (ọ̀pá tí wọ́n ń fà láti ta bọ́ọ̀lù).