Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ amóníà tiwọn: ìràwọ̀ mẹ́rin

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìwòsàn ẹran tí mò ń gbé ajá mi, Tanímọ̀la, lọ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn amóníà inú ẹ̀jẹ̀ ló gba mẹ́ta, dókítà obìnrin tó ń lò ó gba ọ̀kan. N ò kọ orúkọ wọn síbí, nítorí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa.

Yorkshire Terrier ni ajá mi, irú tí àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n bí i pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó ń gba ẹ̀bùrú. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun bọ̀, tó yẹ kó gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ń yà bàrá lọ sínú ara, tòun ti amóníà, májèlé tí kòkòrò inú ìfun ń mú jáde lára ẹran tó jẹ. Ẹ̀dọ̀ ni ì bá sọ ọ́ di yúríà, kó bá ìtọ̀ jáde. Tí kò bá kan ẹ̀dọ̀, orí ló ń gùn. Tanímọ̀la á jẹun tán, á máa pòòyì, á wá fi iwájú orí ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ wó ilé.

Amóníà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, iye rẹ̀ á máa gòkè fúnra rẹ̀ nínú ìgò. Níbi tí mo kọ́kọ́ lò, wọ́n á dúró de ẹni tó ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù nírọ̀lẹ́. Èsì wọn á ga lọ́jọ́ tí ajá ń sáré kiri, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Níbi tí mo wà báyìí, yìnyín ti wà nínú abọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kan ajá. Wọ́n á dé ìgò pa, wọ́n á tì í bọ yìnyín, nọ́ọ̀sì á gbé e wọlé kíá. N ò tíì mu tíì mi tán tí wọ́n fi pè mí: 212. Iye tó ga jù tí ẹ̀rọ wọn gbà fún ajá tó dá ṣáṣá kò tó ìdajì ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán dókítà náà ni pé kò gbára lé amóníà nìkan. Ó ní iye náà lè dára nígbà tí inú ajá bá ṣófo, kí ẹ̀bùrú sì wà níbẹ̀. Ó tún yẹ ásíìdì inú òróòro wò, èyí tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ gbà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ: ajá gbààwẹ̀ wákàtí 12, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tún fa òmíràn lẹ́yìn wákàtí méjì. Ó sọ fún mi pé ọmọ Irish Wolfhound lè ní amóníà tó ga láìní ẹ̀bùrú kankan, kó sì lọ fúnra rẹ̀.

Lactulose ló fún wa, omi ṣúgà tó ki. Ó ń sọ inú ìfun di kíkan, amóníà á há síbẹ̀, á bá ìgbẹ́ jáde. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì yín kúrò nílẹ̀. Oúnjẹ aláìsàn ẹ̀dọ̀ náà tẹ̀lé e. Iye náà ti wálẹ̀ dáadáa, a sì ń dúró de iṣẹ́ abẹ: òrùka kan tí wọ́n á fi yí iṣan náà ká, táá máa wú díẹ̀díẹ̀ títí táá fi dí i. Bí wọ́n bá dí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó máa ya wọ ẹ̀dọ̀ kékeré yẹn lè pa á.

Wọ́n ń pè mí ní ìyá Tanímọ̀la níbẹ̀. Nígbà tí màmá mi gbọ́ ọ lórí fóònù láti Ìbàdàn, wọ́n ní ṣé ajá ni mo wá bí sí ìlú òyìnbó.

Ìràwọ̀ karùn-ún? Gbogbo ìgbà tí a bá lọ wọn amóníà lásán ni wọ́n ń gba owó rírí dókítà, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì nìkan la máa ń rí. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n lórí fóònù bóyá inú ilé ìwòsàn wọn gan-an ni ẹ̀rọ náà wà.