Ẹ ṣọ́ra fún apá irin tó ń gbé mọ́nítọ̀ sókè bẹ́ẹ̀dì! Díẹ̀ ló kù kó pa mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń dùbúlẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi gan-an, ojú sì ń tì mí.

Eegun ẹ̀yìn ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá jókòó ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ẹsẹ̀ òsì mi á kú. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbá géèmù. Laptop orí itan ti bà mí lọ́rùn jẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì ń dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, á wá máa gbóná bí iná.

Ìgbà náà ni mo rí apá irin kan lórí fóònù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì na mọ́nítọ̀ wá sókè ojú ẹni tó dùbúlẹ̀. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń gbé kílò 9. Mọ́nítọ̀ tèmi ò ju kílò 5 lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ rẹ̀ ni orí mi máa wà o." Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo bi í bóyá ó ní ihò ìdè mẹ́rin tí àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 100 sí 100, tó bá ti ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ mi mu. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀." Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀!

Ó wá ní kí n má sanwó lórí ojú òpó tí mo ti rí ọjà náà, kí n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà, òun á bá mi dín in kù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, àbúrò mi ti sọ ọ́ kí n tó fowó ránṣẹ́, mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bú mi. Ẹni tí kò lè dúró pẹ́, ṣé ó lè máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn láti yẹ ọjà wò?

Nígbà tó dé, ó fúyẹ́ jù. Ihò mẹ́rin tí mo béèrè, ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú, etí irin ibẹ̀ gé mi níka. Mo rí ẹ̀jẹ̀ o, mo ṣì dè é mọ́ mọ́nítọ̀. Mo ti dúró fún ọ̀sẹ̀ 3, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo ń gbá géèmù, mo rí i pé ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo tì í sókè. Kò pẹ́, mo gbọ́ kẹ́ẹ̀! Oríkèé irin náà já, mọ́nítọ̀ bọ́ lu àyà mi, igun rẹ̀ gbá mi léjìká. Ká ní mo ti sùn lọ ńkọ́? Ojú mọ́nítọ̀ fọ́ yángá, òun sì ni mo fi ń jẹun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi èékánná ṣí bébà "9 kg" tó wà lára irin náà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ 1 kg sí, lára irin gan-an. Apá tí wọ́n ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ti mọ́nítọ̀! Ó mọ̀! Ẹnì kan jókòó, ó gé bébà, ó lẹ̀ ẹ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀, ó sì mọ̀ pé orí èèyàn ló máa wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí i, ó ní mo lò ó nílòkulò ni. Èmi! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti búlọ́ọ̀kù mi. Mo fi àwòrán ọjà rẹ̀ wá a lórí Google, ọjà ẹlòmíì ni, ó kàn jí fọ́tò wọn ni.

Ẹ má sanwó níta ojú òpó tí ẹ ti rí ọjà láé. Ẹ ya fídíò bí ẹ bá ń tú ọjà. Kí ẹ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ so ike omi kọ́ sára rẹ̀ mọ́jú, lítà 1 jẹ́ kílò 1, kó ju ìwọ̀n mọ́nítọ̀ yín lọ. Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irú ti ilé ìwòsàn, sàn jù, torí bó bá tiẹ̀ yẹ̀, itan ló máa bọ́ sí. Èmi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́, àti ẹni rere àti ẹni burúkú wọn.

Bí irú ẹ̀ bá wà lókè orí yín báyìí, ẹ lọ ṣí bébà yẹn wò kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.