RhymeZone fún ẹni tó ń kọ ewì ìdáwà: ibi tó ti wúlò àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

RhymeZone ni ìkànnì ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ akéwì tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ewì máa ń sá tọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, á to àwọn tí ìró ìparí wọn bá a mu jáde, á sì fi iye sílébù (ègé ìró inú ọ̀rọ̀) pín wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la fi dán an wò níbí: ewì ẹni tí kò ní ẹnìkejì.

Ẹ tẹ "alone". "Stone", "bone", "throne", "known" á tú jáde. Ìró ni ìkànnì náà ń tẹ̀lé, kì í ṣe lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí "gone" kì í fi í ṣe ẹgbẹ́ "alone" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń rí wọn bí ìbejì. Kódà "one" tó wà nínú ikùn "alone" gan-an, "sun" àti "done" ló bá dọ́gba. Èyí wúlò gidi, torí ojú ló máa ń tan akéwì tuntun jẹ. Àmọ́ ìpè Amẹ́ríkà ló ń lò: ẹni tó ń pe Gẹ̀ẹ́sì bíi ti London á gbọ́ "dawn" àti "mourn" bí ìró kan náà, ìpè Amẹ́ríkà ò sì gbà bẹ́ẹ̀.

"Single" ni wàhálà. "Mingle", "jingle", "tingle": wọn ò pọ̀, wọ́n sì ń dún bí ṣaworo. Sílébù àkọ́kọ́ ni ohùn tẹ̀, ìkejì rọ̀, irú ìparí bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ ewì ìbànújẹ́ di orin ọmọdé. Ẹ gbé "single" sí àárín ìlà, kí ẹ fi "alone" parí rẹ̀. Ẹ má sì gbára lé iye sílébù nìkan. "Lonely" àti "alone" jẹ́ méjì-méjì, ṣùgbọ́n ìlù wọn kọ ẹ̀yìn síra. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì, ìlà rẹ̀ á máa tiro.

Ibi tó dùn jù ni villanelle, ewì onílà 19 tí kò ní ju ìró ìparí méjì lọ. Ìlà 1 á padà wá ní 6, 12 àti 18. Ìlà 3 á padà wá ní 9, 15 àti 19. Ìró wọn bára mu, síbẹ̀ nǹkan kan á máa là wọ́n láàárín títí di ìlà méjì tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti wá dúró ti ara wọn. A ò rí ẹ̀yà ewì tó bá ọ̀rọ̀ àìlẹ́nìkejì mu tó èyí. Ọ̀rọ̀ méje ni ìró kìíní ń fẹ́, ìkejì ń fẹ́ mẹ́fà, nítorí náà ẹ fi RhymeZone ka ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "alone" á tó yín lò, "single" á fi yín sílẹ̀ lágbedeméjì.

Àwítúnwí fúnra rẹ̀ kọjá agbára ìkànnì. Ẹ wo ìlà yìí: "I set one plate, I set one spoon." Sílébù mẹ́jọ ni, ohùn tẹ 2, 4, 6 àti 8. Bó bá tẹ̀ lé ìlà tó sọ pé ẹnì kan ti lọ, ọ̀fọ̀ ni. Bó bá tẹ̀ lé ìlà tó sọ pé ilé ti tòrò, ìsinmi ni. Akéwì tó bá tún un sọ láìyí ìlà tó ṣáájú rẹ̀ padà, ní ìgbà kẹta etí òǹkàwé á ti kọ̀ ọ́.