Level 2 tàbí Level 3: àyẹ̀wò wo ló yẹ ilé tí ẹ fẹ́ rà ní Ìlú Ọba?

Ẹni tó ni ilé ti gba iye tí ẹ dá, báńkì ń béèrè ìwé owó oṣù yín, lọ́yà sì ń kọ lẹ́tà ọ̀tún kọ lẹ́tà òsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti máa wo àga àti kọ́tìnnì nígbà yẹn. Ní England àti Wales, àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ẹ náwó díẹ̀ láti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà, nítorí kò tíì sí àdéhùn tó dè yín. Ẹ lè ní kí wọ́n dín owó, ẹ sì lè yọwọ́ pátápátá. Ọjọ́ tí àwọn lọ́yà bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn, ìyẹn exchange, ọ̀rọ̀ ti yí padà: owó àsansílẹ̀ yín, tó sábà máa ń jẹ́ 10% iye ilé, lè wọmi bí ẹ bá yẹ àdéhùn. Òfin wọn ni pé kí olùrà la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń tà ní ìbéèrè, kò gbọdọ̀ purọ́. Bí ẹ ò bá bi í, kò sí ohun tó ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òrùlé òun ń jò.

Ti báńkì kọ́ la ń sọ

Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni: “Báńkì ṣáà ti rán ènìyàn lọ wo ilé náà.” Ara rẹ̀ ló rán an fún. Gbogbo ohun tí ẹni náà ń wá kò ju èyí lọ: bí ẹ ò bá rí owó san mọ́, tí báńkì sì ta ilé, ṣé owó wọn á jáde? Ó lè lo ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà míì, kò sí ẹni tó débẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà ló máa kó iye tí wọ́n ta àwọn ilé àdúgbò jọ, tó sì máa dá iye lé tiyín. Ẹ lè má fojú kan ìwé rẹ̀ pàápàá.

Ẹjọ́ kan wà lórí èyí tó yẹ kí olùrà mọ̀: Smith v Eric S Bush, tí House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, dá ní 1989. Obìnrin kan ra ilé lẹ́yìn tí ìdíyelé báńkì sọ pé kò sí àtúnṣe gbòógì tó ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gé ìdí ṣímínì kúrò nínú yàrá, wọ́n sì fi èyí tó kù lókè sílẹ̀ láìsí ohun tó gbé e ró. Ó já wọlé. Ilé ẹjọ́ dá obìnrin náà láre, wọ́n ní ẹni tó díye lé e mọ̀ dájú pé olùrà ilé mẹ̀kúnnù máa gbọ́kàn lé ọ̀rọ̀ òun. Ìdáláre dára, àmọ́ ṣímínì ti wó kí ó tó dé. Ẹ sanwó àyẹ̀wò tiyín.

Ohun tó wà lórí àtẹ

RICS, ẹgbẹ́ àwọn ayẹléwò (surveyor) tó ti wà láti 1868, ló ṣètò àwọn ìpele tí wọ́n ń lò báyìí; ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta 2021. Ìpele mẹ́ta ni. Level 1 ò fún yín ní ìmọ̀ràn kankan lórí àtúnṣe, nítorí náà mo fò ó. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ orúkọ àtijọ́ lẹ́nu àwọn éjẹ́ǹtì: HomeBuyer Report ni Level 2 lónìí, Building Survey tàbí “full structural survey” sì ni Level 3.

| | Level 2 | Level 3 |
|---|---|---|
| Àkókò nínú ilé | wákàtí díẹ̀ | ó lè gba ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ kan |
| Ohun tí ẹ ó kà | àléébù tó wà àti bó ṣe le tó | àléébù, ohun tó fà á, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ |
| Iye tí ilé tó | ẹ lè rà á mọ́ ọn | kì í sábà sí níbẹ̀, àyàfi tí ẹ bá béèrè |
| Owó rẹ̀ | nǹkan bíi £400 sí £800 | nǹkan bíi £600 sí £1,500, ilé ńlá lè jù bẹ́ẹ̀ |

Ìpele méjèèjì ń lo àwọ̀: 1 jẹ́ ewé, 2 jẹ́ àwọ̀ ọsàn, 3 jẹ́ pupa. Àmì kẹrin wà tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, ìyẹn NI, tó túmọ̀ sí pé ayẹléwò ò lè rí ibẹ̀. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìròyìn. Pupa ti sọ ohun tó fẹ́ ná yín. NI ò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá kọ NI sí òkè àjà nítorí pé ẹrù kún ibẹ̀, ẹ ní kí onílé kó ẹrù náà kúrò kí ayẹléwò padà lọ, kódà bí wọ́n bá máa gba owó díẹ̀ lé e.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an

Ẹ má rò pé ẹni Level 3 máa gbẹ́ ilẹ̀ tàbí lu ògiri. Kò sí èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, torí ilé onílé ṣì ni. Ìsàlẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń wo òrùlé, pẹ̀lú àkàbà tí kì í ju mítà 3 lọ; àwọn kan ń lo dúróònù báyìí. Ẹni Level 3 máa ń pẹ́ jù, ó máa gbìyànjú láti ṣí fèrèsé púpọ̀ sí i, ó máa ká etí kápẹ́ẹ̀tì níbi tó bá ṣeé ká, ó máa ṣí omi wò bó ṣe ń ṣàn.

Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ìyàtọ̀ tó ń pa owó wọlé wà. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1919, irú àwọn ilé alásopọ̀ tó kún London, Manchester àti Leeds. Ògiri wọn sábà máa ń ki, kò sí àlàfo láàárín rẹ̀. Ẹ lè fojú ara yín mọ̀ ọ́n láti ìta: bí ẹ bá rí bíríkì gígùn àti kúkúrú nínú ìlà kan náà, ó ṣeé ṣe kí ògiri náà ki, bí gbogbo rẹ̀ bá gùn, ó sábà ní àlàfo láàárín. Láìmù (ẹfun ìkọ́lé) ni wọ́n fi mọ irú ògiri àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń mí, omi tó bá wọ̀ ọ́ ń rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹnì kan á wá fi sìmẹ́ńtì dí i. Omi ò rí ọ̀nà jáde mọ́, inú yàrá ló ń bọ̀.

Level 2 máa fi ẹ̀rọ wọn ògiri náà, yóò sì kọ ọ́ pé ọ̀rinrin wà, kí ẹ pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ta ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀rinrin lọ́fẹ̀ẹ́ ni, tó sì jẹ́ oògùn tí wọ́n ń gún sínú ògiri ló ń tà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ṣé ó máa wá sọ fún yín pé ọ̀pá omi òjò tó fọ́ lẹ́yìn ilé ni ẹ kàn nílò láti tún ṣe? Ayẹléwò Level 3 tó mọṣẹ́ máa wá orísun rẹ̀. Ó lè rí i pé wọ́n ti kó ilẹ̀ ọgbà sókè ju ìpele adènà ọ̀rinrin tó wà nísàlẹ̀ ògiri lọ, kó sì kọ ọ́ pé kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà kúrò. Ìdáhùn yẹn nìkan lè san iye tí Level 3 fi ju Level 2 lọ padà.

Òrùlé náà tún ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé alásopọ̀ àtijọ́ fi síléètì bò ó. Àwọn tó dé lẹ́yìn fi táìlì kọnkéré tó wúwo jù ú lọ rọ́pò, nígbà míì láì fún igi òrùlé lókun. Igi ń tẹ̀, ó ń ti orí ògiri síta díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni fóòmù (spray foam) tí wọ́n ń fọ́n sí abẹ́ òrùlé kí ilé lè móoru: ó ń bo igi mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí bóyá ó ti ń jẹrà, àwọn báńkì kan kì í sì í yáni lówó lórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Àti ìdí ṣímínì, tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo yàrá ìsàlẹ̀ àti ti òkè: bí ó bá wà lókè tí kò sí nísàlẹ̀, ẹ béèrè ohun tó gbé e dúró àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí wọ́n fi gé e.

Ògiri tó lanu kì í ṣe aláǹgbá nìkan ló ń pè. Àwọn adójútòfò náà ń bọ̀ wá béèrè. Èyí tó tín-ín-rín bí irun orí kò ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ. Nínú ìpín tí Building Research Establishment, ilé ìwádìí ìkọ́lé, gbé kalẹ̀, ibi tó sán tó fẹ̀ tó milimítà 5 sí 15 ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà, ó ti ń fẹ́ iṣẹ́ bíríkì. Ìrísí rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: èyí tó rìn ní àgékọjá láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rì. Amọ̀ London máa ń sunkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, pàápàá níbi tí gbòǹgbò igi ti ń fa omi inú rẹ̀. Ayẹléwò Level 3 máa gbìyànjú láti sọ fún yín bóyá ọgbẹ́ àtijọ́ ni tàbí ó ṣì ń lọ. Tí kò bá dá a lójú, ẹ pe structural engineer (onímọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé), ẹ má ṣe pe birikilà tó ń wá iṣẹ́.

Ilé tí Level 2 tó fún

Ilé bíríkì lásán tí ògiri rẹ̀ ní àlàfo láàárín, tí wọ́n kọ́ láàárín 1960 sí 2000, tí kò sẹ́ni tó wó ògiri rẹ̀ tàbí fi yàrá kún un: Level 2. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ pé ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí 3 níbẹ̀.

Fúláàtì nínú ilé gíga òde òní náà, Level 2 tó. Ìṣòro fúláàtì kì í sábà sí nínú yàrá tí ẹ ń rà. Ó wà nínú líìsì (ìwé àdéhùn tó fún yín ní ẹ̀tọ́ sí fúláàtì fún iye ọdún kan), nínú owó àbójútó ọdọọdún, àti lórí òrùlé tí ẹ̀yin àti ogójì aládùúgbò jọ máa tún ṣe. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gíga Grenfell Tower ní London ní 14 oṣù kẹfà 2017, báńkì tún lè béèrè fọ́ọ̀mù EWS1, tó ń sọ bí ara ògiri ìta ṣe lè gbaná tó, ayẹléwò yín kọ́ ló sì ń ṣe ìyẹn. Owó tí ẹ bá dá sí nínú àyẹ̀wò, ẹ fi kún ti lọ́yà tó máa fara balẹ̀ ka líìsì. Bó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n gé sí fúláàtì mẹ́ta, tí ẹ sì máa ní ìpín nínú ilẹ̀ rẹ̀, ẹ padà sí Level 3.

Ilé tuntun tí kọ́ńtíráktọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí? Kò sí èyí tó bá a mu nínú méjèèjì. Ẹni tó ń ṣe snagging, tó ń ka àṣìṣe iṣẹ́ ọwọ́ níkọ̀ọ̀kan, ni ẹ nílò. Bí ó bá ní Buildmark, ìwé ìdáàbòbò ilé tuntun ti ilé iṣẹ́ NHBC, ọdún 10 ni ìdáàbòbò rẹ̀, kọ́ńtíráktọ̀ ló sì ń dáhùn fún àtúnṣe ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹ tètè kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ilé tí ẹ gbọ́dọ̀ pe báńkì kí ẹ tó pe ayẹléwò

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n to ọ̀pọ̀ ilé ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré tí wọ́n ti dà sílẹ̀ nílé iṣẹ́. Irin inú àwọn kan ń dípẹtà débi pé ìjọba ṣe òfin lórí wọn, Housing Defects Act 1984. Owó irú ilé bẹ́ẹ̀ lè rọ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, éjẹ́ǹtì á sì kọ ọ́ pé “ó dára fún oníṣòwò tó ní owó lọ́wọ́”. Ohun tí ìyẹn ń sọ fún yín ni pé mọ́géèjì (owó tí báńkì ń yáni fi ra ilé) lè má wọlé. Ẹ kọ́kọ́ bi báńkì bóyá wọ́n ń yáni lówó lórí irú ìkọ́lé yẹn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti dá owó àyẹ̀wò sí.

Ní Scotland, ètò náà yàtọ̀: láti oṣù kejìlá 2008 ni ẹni tó ń tà ti ń pèsè Home Report, tí àyẹ̀wò tó sún mọ́ Level 2 wà nínú rẹ̀. Ilé àtijọ́ níbẹ̀ ṣì lè fẹ́ Level 3 tí ẹ fi owó yín san.

Ẹni tí ẹ máa gbé iṣẹ́ fún

Ẹ wá MRICS tàbí FRICS (àmì ọmọ ẹgbẹ́ RICS) lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì RICS. Ẹni tí éjẹ́ǹtì tó ń ta ilé fà wá fún yín kì í ṣe ọ̀daràn, ṣùgbọ́n èmi kì í mú un. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ, kó fi ìròyìn kan tó ti kọ rí hàn yín láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ohun tí ayẹléwò ò lè kọ sílẹ̀ láìsí “bóyá” mẹ́ta nínú gbólóhùn kan, ó lè sọ ọ́ ní tààràtà lẹ́nu: “Ká ní èmi ni, máa rà á, ṣùgbọ́n mi ò ní san iye yẹn.” Ẹ sọ èrò yín fún un náà. Bí ẹ bá ń gbèrò láti wó ògiri kíṣìnnì, ó yẹ kó mọ̀ kó tó débẹ̀.

Gáàsì, wáyà iná àti páìpù abẹ́ ilẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe ló ń wo gáàsì, oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí ló ń ṣe EICR, ìyẹn àyẹ̀wò wáyà iná, kámẹ́rà sì ni wọ́n ń tì sínú páìpù. Asbestos náà (okùn òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé tẹ́lẹ̀), yóò kàn sọ pé ó fura sí i ni. Wọ́n fòfin de èyí tó kù nínú rẹ̀ ní 1999, nítorí náà ilé tó bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ní in, pàápàá nínú àjà onírisí iyanrìn.

Nígbà tí ìròyìn bá dé, ẹ má jẹ́ kí pupa dẹ́rù bà yín. Wáyà iná tí kò ní ìwé ẹ̀rí lásán lè gba pupa. Ẹ ṣa àwọn tó máa ná owó gidi jáde, ẹ gba iye iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ méjì, ẹ fi ìyẹn àti ojú ìwé tó kan ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì. Ẹ má fi odindi ìròyìn ránṣẹ́. Lọ́yà ni kí ẹ fi odindi rẹ̀ fún. Ìpín kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀: ìwé àṣẹ yàrá òkè àjà, ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ni, ọ̀nà tó gba inú ọgbà yín kọjá. Kí ó rí èsì gbogbo rẹ̀ gbà kó tó bá yín dá ọjọ́ exchange.